Gary Gygax: Ìgbésí Ayé Ẹni tí ó Ṣe Òfin fún Abàmì Ẹ̀dá

Ìfáàrà
Nínú ìtàn àròsọ, ọwọ́ òǹkọ̀wé ni yẹmí ọdẹ àti ti iwin wà. Bí ó bá wù ú kí iwin borí, iwin yóò borí. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá di eré tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó yí tábìlì ká láti ṣe, tí olúkúlùkù wọn gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí yóò parí sí, òfin gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ bí iwin ti lágbára tó àti ohun tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Ernest Gary Gygax, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ìgbésí ayé rẹ̀ ni a yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ìbí àti Ìgbà Èwe
Ìlú Chicago ni a bí Gygax sí ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1938. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland ni bàbá rẹ̀, ó sì ń ta gòjé òyìnbó nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú náà. Ní 1946, ìdílé náà kó lọ sí Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Gygax kò parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n kò fi ìwé ìtàn àròsọ àti eré ogun orí tábìlì ṣeré. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Chicago títí iṣẹ́ náà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1970. Lẹ́yìn èyí, títún bàtà ṣe ni ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ.

Bí Eré Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀
Ní 1971, òun àti Jeff Perren gbé Chainmail jáde, ìwé òfin fún ogun àwọn jagunjagun ayé àtijọ́. Gygax fi abala kan kún un fún oṣó, dírágónì àti àwọn abàmì mìíràn. Dave Arneson, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lo ìwé yìí fún eré tirẹ̀, nínú èyí tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ń darí ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo dípò odidi ọmọ ogun. Nínú òfin ogun àtijọ́, ìlù kan tó láti pa ènìyàn. Èyí kò tẹ́ àwọn òṣèré Arneson lọ́rùn, nítorí ẹ̀dá-ìtàn wọn ti di ọ̀rẹ́ wọn. Arneson wá mú ọgbọ́n kan wá láti inú eré ogun ojú omi: ó ka ìwọ̀n ìpalára tí ara lè gbà kí ẹ̀mí tó bọ́. Ní 1972 ó fi eré náà han Gygax. Àwọn méjèèjì jọ tún un ṣe, Gygax sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun àti Don Kaye dá ilé-iṣẹ́ TSR sílẹ̀ ní 1973, ní 1974 ni Dungeons & Dragons sì jáde, ìwé kékeré mẹ́ta nínú páálí kan, 1,000 ẹ̀dà.

Òfin Ẹ̀dá-ìtàn àti Abàmì
Nínú òfin 1974, dáìsì mẹ́ta, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, ni a ń jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àbùdá mẹ́fà: agbára, làákàyè, ọgbọ́n, okun ara, ìyára ọwọ́ àti ìfanimọ́ra. Iye tí ó bá já sí, láti 3 dé 18, ni ìwọ̀n àbùdá náà. Lẹ́yìn èyí ni òṣèré yóò yàn bóyá jagunjagun, oṣó tàbí àlùfáà ni òun yóò jẹ́.

Abàmì ẹ̀dá náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: iye dáìsì tí a fi ń mọ ẹ̀mí rẹ̀, bí ara rẹ̀ ti yi tó, bí ó ti ń yára rìn sí. Ìwé Monster Manual tí Gygax kọ ní 1977 ní irú wọn tí ó lé ní 350. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n nìkan kọ́ ni ó mú wọn dùn. Bí àwọn abàmì inú àlọ́ wa ti ní èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti Gygax ní ìkọ̀kọ̀ tí òṣèré gbọ́dọ̀ wá rí. Ọgbẹ́ òmìrán tí à ń pè ní troll a máa san fúnra rẹ̀, àfi bí a bá fi iná tàbí ásíìdì bá a jà. Inú ìwé ìtàn Poul Anderson ni ó ti rí èrò yìí. Abàmì mìíràn, tí ohun ìṣeré oníke olówó pọ́ọ́kú kan fún un ní àwòrán rẹ̀, kì í wá ẹran ara. Irin ni ó ń sọ di ìpẹtà. Nípa báyìí, jagunjagun tí ó dìhámọ́ra jù ni ẹ̀rù máa ń bà jù, nígbà tí oṣó tí kò mú irin lọ́wọ́ dúró láìfòyà. Òfin kan ṣoṣo ti yí ipò akọni àti ọ̀lẹ padà.

Ìjà Lórí Ẹni tí ó Ni Òfin
Arneson kúrò ní TSR ní 1976. Ní 1979 ó pe ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú eré náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1981. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn kan ń kígbe pé eré náà ń fa ọ̀dọ́ sínú ìbọ èṣù, débi pé ní 1985 Gygax jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láti gbèjà rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni agbára ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀ ní 1986. Ó ṣe eré mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbajúmọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ó kú ní Lake Geneva ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2008, ní ẹni ọdún 69. Arneson tẹ̀lé e ní 2009.

Ìkádìí
Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Arneson ni ó fún ẹ̀dá-ìtàn ní ẹ̀mí gígùn. Gygax ni ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí ó tò ó, tí ó sì sọ ọ́ di ohun tí àjèjì lè kà kí ó sì ṣe. Bí a bá dárúkọ ọ̀kan láìdárúkọ èkejì, a ti fi ẹ̀tọ́ du olóhun. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún olùkọ́ èdè pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú Àgbákò inú ìwé Fágúnwà, kí ó kọ ohun tí ó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe àti ohun tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe èyí yóò ti ka ìwé náà ní àkàyé.