Mojola Agbebi àti Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun

Bí wọ́n bá pè yín sí àsè alẹ́ kan ní Houston, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìpè náà pé táì funfun ni kí àwọn ọkùnrin so mọ́rùn, iṣẹ́ dé nìyẹn. Kóòtù dúdú onírù kò ṣòro, ẹ lè rí i háyà. Ṣẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ le bíi pátákó, nítorí pé sítáàṣì ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Kò ní bọ́tìnì níwájú. Ihò nìkan ló wà níbẹ̀, bọ́tìnì kéékèèké tó ṣeé yọ ni ẹ ó sì kì bọ̀ ọ́. Kọ́là rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀: ó ga, ó le, ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì yí síta bí ìyẹ́ ẹyẹ. Bí àyà ṣẹ́ẹ̀tì bá rọ̀, yóò ká jọ nígbà tí ẹ bá jókòó, kóòtù olówó gọbọi kò sì ní lè gbà yín sílẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ni èyí kàn wá nínú kíláàsì Yorùbá. Ó kàn wá dáadáa. Ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin Èkó tó bá kàwé mọ̀ nípa ṣẹ́ẹ̀tì yìí ju ọ̀pọ̀ ará Houston òde òní lọ. Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ẹ fẹ́ kà yìí.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1860. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi ni David Brown Vincent. Ẹ tún un kà: orúkọ mẹ́ta, kò sí Yorùbá kan ṣoṣo nínú wọn. Ọmọ Yorùbá sì ni bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá náà lábẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá gba ẹ̀sìn tuntun sábà máa ń gba orúkọ tuntun mọ́ ọn. Ní ọdún 1861, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Èkó náà ni wọ́n mú un lọ láti kàwé ní ilé ìwé CMS, ibẹ̀ náà ló sì ti di olùkọ́.

Kí ẹ tó lè lóye ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ẹ ní láti mọ irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà yẹn. Àwọn Sàró ti dé láti Freetown, àwọn Àgùdà ti dé láti Brazil àti Cuba. Ọ̀pọ̀ wọn tàbí àwọn òbí wọn ni wọ́n ti tà sóko ẹrú rí. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n mú ìwé kíkà, ìṣẹ́ ọwọ́ àti aṣọ òyìnbó bọ̀. Àwọn Sàró tó rí jájẹ máa ń ṣe eré orin, ijó alẹ́ àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù onírù àti ṣẹ́ẹ̀tì alẹ́ sì ni aṣọ irú àwọn òde bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Houston mọ bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe ń ṣe èèyàn ní oṣù kẹjọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Èkó ṣe rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí bẹ́ẹ̀ látọdún dọ́dún. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Alágbàfọ̀ á fọ ṣẹ́ẹ̀tì, á rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi le gbagidi. Ẹni tó ni ín á wọ̀ ọ́ jáde, kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn á ti sọ ọ́ di jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́.

Síbẹ̀ wọn kò yé wọ̀ ọ́, nítorí pé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti lajú. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀làjú: inú là àti ojú ló ti wá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti là ni ọ̀lajú. Ṣùgbọ́n ta ló là á fún un, kí ló sì ń rí nísinsìnyí tí kò rí tẹ́lẹ̀? Mo máa ń béèrè èyí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún, ìdáhùn wọn kì í sì í bára mu.

Vincent fi CMS sílẹ̀, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní Èkó nígbà náà wà lábẹ́ Southern Baptist Convention ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1845 nígbà tí àwọn ará gúúsù àti àríwá ń jà lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ẹ mọ̀ wọ́n: ọ̀pọ̀ ìjọ ńláńlá tí ẹ ń wa mọ́tò kọjá ní Houston jẹ́ ara ẹgbẹ́ yìí. Míṣọ́nnárì wọn ní Èkó ni W. J. David. Moses Ladejo Stone, ọmọ ilẹ̀ wa, ni pásítọ̀ ìjọ. Owó oṣù fa ìjà láàárín àwọn méjèèjì, David sì dá Stone dúró láì fi lọ ìjọ. Inú ìjọ ru. Ní 1888, púpọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, Vincent sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní òyìnbó lórí.

Ìjọ ti kúrò lábẹ́ òyìnbó, àmọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà lára wọn. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Vincent lọ́kàn. Nígbà tí Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé ará Liberia, wá sí Èkó ní nǹkan bí 1890, ó gba àwọn Kristẹni níyànjú pé kí wọ́n ní ìjọ tiwọn, tí yóò bá ilẹ̀ wọn mu. Ní 1894, Vincent lọ sí Liberia, wọ́n fi í jẹ àlùfáà níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ló pa David Brown Vincent tì, tó di Mojola Agbebi. (Mo kọ orúkọ náà láìsí àmì ohùn, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀.) Láti ìgbà náà, aṣọ Yorùbá nìkan ló ń wọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni. Lónìí, ẹ lè lọ sí ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà Bissonnet, kí ẹ ra agbádá, kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ayẹyẹ ní ọjọ́ Sátidé, kí gbogbo èèyàn máa yìn yín. Ní Èkó 1894, àlùfáà tó kàwé, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, tó sì wọ aṣọ Yorùbá dúró níwájú ìjọ, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń já okùn tó so òun mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan yóò rò pé ojú rẹ̀ ń padà dí ni.

Kì í ṣe òun nìkan ló yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà wọn ṣe yàtọ̀. Edmund Macaulay, agbẹjọ́rò, di Kitoyi Ajasa ní nǹkan bí àkókò kan náà. Orúkọ rẹ̀ di Yorùbá, àmọ́ ìṣe rẹ̀ àti ìmúra rẹ̀ kò kúrò ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó fara mọ́ ìjọba, ọba Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di Sir ní 1928. Herbert Macaulay ńkọ́, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther? Kò yí orúkọ padà, kò bọ́ aṣọ òyìnbó. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ lára owó náírà kan: táì rẹ̀ wà lọ́rùn, irunmú rẹ̀ gùn. Síbẹ̀ ta ló dààmú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó tó o? Nítorí náà, ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀tì nìkan díwọ̀n ọkàn ẹnikẹ́ni ní ìgbà yẹn. Ohun tó mú Agbebi yàtọ̀ ni pé ó fẹ́ kí orúkọ, aṣọ àti ìgbàgbọ́ òun máa sọ ohun kan náà.

Ó ṣàlàyé èrò yìí nínú ìwàásù kan tó ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 1902, nígbà tí African Church, Bethel, pé ọdún kan ní Èkó. Ó ní orúkọ òyìnbó, aṣọ òyìnbó, ìwé orin àti dùùrù kì í ṣe ara ẹ̀sìn Kristi. Ẹrù tí àwọn tó gbé ẹ̀sìn náà wá dì mọ́ ọn ni, èèyàn sì lè sọ ẹrù kalẹ̀ láì sọ ẹ̀sìn nù. Ìwàásù náà dé Amẹ́ríkà. Ní 1907, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní New York, tí akọ̀ròyìn John Edward Bruce jẹ́ aṣáájú wọn, pinnu láti máa fi ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ṣe ọjọ́ Agbebi.

Òun náà ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ìpinnu rẹ̀ ti bọ́ sí ìdánwò, torí pé òtútù ò mọ àṣà. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo Houston, tí iná lọ, tí omi ẹ̀rọ dì. Ẹ wá ro agbádá nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀: apá rẹ̀ gbòòrò, ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ràn ni wọ́n rán an fún. Agbebi kò torí ìyẹn wọ kóòtù. Nínú òtútù ìlú òyìnbó pàápàá, aṣọ Yorùbá ló wà lára rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1911, ó wà ní London níbi Universal Races Congress, àpéjọ ńlá tí àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà àgbáyé wá, W. E. B. Du Bois sì wà lára wọn. Agbebi ka ìwé nípa Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó gbèjà àwọn àṣà ilẹ̀ wa tí àwọn míṣọ́nnárì ń bú, títí kan ìkóbìnrinjọ àti ẹgbẹ́ awo. Kò rọrùn fún pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi láti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí, níbi àsè ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, ìlànà gbà kí ẹni tí kò bá fẹ́ kóòtù onírù wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ dípò. Agbebi kò dúró de ìlànà kankan.

Ẹ má rò pé oníjà lásán ni o. Ní 1914, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi tó yapa àti àwọn tó dúró pẹ̀lú òyìnbó pàdé ní Ìbàdàn láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tó di Nigerian Baptist Convention lẹ́yìn náà, Agbebi ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1917. Ìyàwó rẹ̀, Adeline Adeotan, ń bá iṣẹ́ lọ láàárín àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi.