Àìná, ọmọ tó kàwé nínú ilé

Bí ẹ bá ti dúró síwájú pátákó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi.

Ní táàmù tó kọjá, nígbà tí a fẹ́ yan àwọn tí yóò ṣojú kíláàsì wa nínú ìdíje ìbéèrè, ẹnì kan dárúkọ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé wa ní SS1. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níwèé nílé láti kékeré. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní ọmọ inú ilé ni, kò ní lè sọ̀rọ̀ lójú èrò, àti pé ta ló mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Kò bá mi jà.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tiwa, ọmọ tí kò bá wọ yunifọ́ọ̀mù láàárọ̀ Mọ́ńdè, ohun méjì péré ni aládùúgbò máa ń rò: bóyá owó ilé ìwé ni kò sí, tàbí ọmọ náà ń sá kiri. A ò mọ ẹ̀kẹta. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, títí mo fi ń wá ẹni tí màá kọ ìtàn rẹ̀ fún pátákó wa, tí mo wá rí Àìná, ẹni tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta.

Nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Yewa. (Ẹ mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè ní Àìná.) Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó o lẹ́rú lọ sọ́dọ̀ Ọba Gezo. Ó wà níbẹ̀ fún bí ọdún méjì. Ní 1850 ni Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ bẹ Gezo pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo ò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ o, ènìyàn ni wọ́n fi tọrẹ, bí ẹni fún àlejò ní adìyẹ. Forbes gbà á torí ó rò pé bí òun ò bá gbà á, wọ́n á fi rúbọ. Orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, ló fi sọ ọmọ náà.

Ọwọ́ Forbes ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí yunifọ́ọ̀mù, kò sí agogo ilé ìwé, kò sí àsẹ́ńbílì. Kò pẹ́ rárá tó fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, Forbes sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ náà mọ orin gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1850, wọ́n mú un lọ rí Ọbabìnrin ní Windsor.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ààfin ló dàgbà sí. Irọ́ ni. Ọbabìnrin ń sanwó ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé àwọn ènìyàn ló gbé. Ní 1851 wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwé àwọn obìnrin ti CMS ní Freetown, torí wọ́n ní òtútù ìlú Òyìnbó kò bá a lára mu. Nítorí náà ó mọ ilé ìwé náà, kò dà bí ẹni pé kò rí i rí. Inú rẹ̀ ò dùn níbẹ̀. Ní 1855 wọ́n mú un padà, wọ́n fi í sọ́dọ̀ Àlùfáà James Schön àti ìyàwó rẹ̀ ní Kent.

Schön yìí kì í ṣe àjèjì sí ìtàn wa. Òun àti Samuel Àjàyí Crowther ni wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí Odò Ọya ní 1841, ó sì kọ ìwé gírámà èdè Hausa. Ọmọ tó ń jí rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé a lè ní kò ní tíṣà? Àwọn ọmọ kún ilé náà, Màmá ló sì ń pe ìyàwó Schön nínú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ pé kò ní lè dúró láwùjọ ńkọ́? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1858, ó wà níbi ìgbéyàwó àkọ́bí Ọbabìnrin.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó dùn mí. Nígbà tí James Davies ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n bá mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn Schön tó ti mọ́ ọn lára, wọ́n mú un lọ sí Brighton, sí ilé tí kò fẹ́ràn, títí ó fi gbà. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1862. Ní tèmi, ohun tí Àìná ò ní kì í ṣe ilé ìwé. Láti Dàhòmì dé Brighton, àwọn ẹlòmíràn ló ń pinnu ibi tí yóò gbé.

Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, mú un wá sí Èkó wa níbí. Oníṣòwò ńlá ni. Ní 1859, nígbà tí Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, dá CMS Grammar School sílẹ̀, ilé ìwé gíga àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, Davies ló gbé £50 kalẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ẹ wò ó o! Ọkùnrin tó fowó ran ilé ìwé yẹn lọ́wọ́, ọmọ tó kàwé nínú ilé ló lọ fẹ́.

Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, Victoria, Arthur àti Stella. Victoria, tí wọ́n bí ní 1863, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni ìyá ìsàmì rẹ̀, ilé ìwé ní ìlú Òyìnbó ni òun sì lọ ní tirẹ̀. Ikọ́ fée ló mú Àìná. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Madeira kí ara rẹ̀ lè yá, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1880. Kò tíì pé ogójì ọdún. Bí ẹ bá ń gba Oníkàn kọjá tí ẹ rí orúkọ Randle, ọkọ Victoria ni dókítà yẹn, àna Àìná. Òun ló fi odò ìwẹ̀ ta àwọn ará Èkó lọ́rẹ níbẹ̀.

Ní ti ìdíje wa, èdè Yorùbá ló gbé wa ṣubú. Mo lọ bẹ ọmọbìnrin yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn àsẹ́ńbílì. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó gba bébà yìí lọ́wọ́ mi, ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ kejì. Àwọn àmì ohùn tí ẹ rí lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, òun ló fi wọ́n sí i. Tèmi tí mo kọ́kọ́ fi sí i, ìdajì rẹ̀ ló fagi lé.