Howard Johnson: Ọkùnrin tó fi òrùlé aláwọ̀ ọsàn pe àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wá jẹun

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà léèrè ilé oúnjẹ tí wọ́n máa ń gbé e lọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Howard Johnson's ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tí wọ́n máa ń rántí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: bàbá ń wa mọ́tò, ìyá jókòó níwájú, àwọn ọmọ ti ń jà lẹ́yìn nítorí ebi, ni òrùlé aláwọ̀ ọsàn bá yọ lókèèrè. Bí òrùlé yẹn bá ti yọ báyìí, ìjà parí. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé áísìkíríìmù dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rántí mọ́ ni pé orúkọ èèyàn ni Howard Johnson. Ọkùnrin náà gbé ayé, ó jẹ gbèsè, ó là, ó sì kú. Ilé oúnjẹ tó dá sílẹ̀ dùn ún rántí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn ò gbà kí wọ́n jókòó níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ mínísítà láti Ghana, tí wọ́n bí sí Warri nílẹ̀ Nàìjíríà níbí.

Ọmọ onísìgá tó jogún gbèsè

Ìlú Boston ni wọ́n bí Howard Deering Johnson sí, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1897. Bàbá rẹ̀ ń ta sìgá ńlá tí wọ́n fi ewé tábà wé. Howard kò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó padà dé láyọ̀, àmọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, gbèsè ni okòwò sìgá náà fi sílẹ̀ fún un. Àwọn èèyàn ti ń pa sìgá ńlá tì, sìgá kékeré ni wọ́n ń fà. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá a, bí kò ṣe pé kó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ní ọdún 1925, ó tún lọ yá owó lórí gbèsè tó wà nílẹ̀, ó sì fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Wollaston, ní ìlú Quincy, nítòsí Boston. Oògùn, ìwé ìròyìn àti ohun mímu ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Johnson fara balẹ̀ wo ibi tí owó ń gbà wọlé. Ó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti áísìkíríìmù ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Ó bá tún áísìkíríìmù náà ṣe, ó fi ọ̀rá wàrà kún un gan-an ju bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe é lọ. Bí èèyàn bá fi kan ẹnu, á mọ̀ pé èyí yàtọ̀.

Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti gbé e lọ sétí òkun, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń gbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oríṣi áísìkíríìmù náà ń pọ̀ sí i títí ó fi di 28. Nọ́ńbà yẹn di ohun tí wọ́n fi ń dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Orúkọ kan, òrùlé kan

Ọdún 1929 ló ṣí ilé oúnjẹ gidi àkọ́kọ́ sí àárín ìlú Quincy. Oríire bá a pàdé. Mẹ́yọ̀ ìlú Boston fòfin de eré orí ìtàgé kan tí Eugene O'Neill kọ, Strange Interlude, ni àwọn òṣèré bá gbé eré náà wá sí Quincy. Eré ọ̀hún gùn débi pé wọ́n máa ń dá a dúró láàárín kí àwọn òǹwòran lè lọ jẹun. Níbo ni wọ́n máa lọ? Ilé oúnjẹ Johnson ló wà nítòsí. Bí àwọn olówó Boston ṣe mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ọdún yẹn kan náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Báńkì ò fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́. Ní ọdún 1935, Johnson wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó bá ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ní Orleans, ní Cape Cod: kí ẹni yẹn mú owó tirẹ̀ wá kọ́ ilé oúnjẹ, Johnson á fún un ní orúkọ, á sì máa ta oúnjẹ àti áísìkíríìmù fún un. Ọgbọ́n náà ràn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1939, ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ Howard Johnson's ti lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìjọba ń pín epo bẹntiróòlù àti táyà ní ìwọ̀nba, kò sẹ́ni tó ń rìnrìn àjò afẹ́. Ní ọdún 1944, ilé oúnjẹ 12 péré ló kù tí kò tì. Johnson ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ogun àti àwọn ọmọ ogun, ohun tó fi gbé ara ró nìyẹn. Ogun parí, àwọn èèyàn ra mọ́tò, ìjọba la títì, Johnson sì gba àyè ṣíṣí ilé oúnjẹ lẹ́bàá àwọn títì olówó ibodè. Ní ọdún 1954, ilé oúnjẹ rẹ̀ ti tó 400 ní ìpínlẹ̀ 32.

Àṣírí rẹ̀ ni pé kò sí ìyàtọ̀. Ibi kan náà ni wọ́n ti ń se ọ̀pọ̀ oúnjẹ, wọ́n á mú un dì bíi yìnyín, ọkọ̀ á wá pín in kiri. Ìwé òfin wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bíbélì. Ní ọdún 1960, ó gba ọ̀gá alásè ọmọ Faransé méjì, Pierre Franey àti Jacques Pépin, kúrò ní ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá ní New York, kí wọ́n lè máa tún oúnjẹ àwọn arìnrìn-àjò ṣe. Ohun tí ọmọ bá jẹ ní Maine, òun náà ló máa jẹ ní Florida.

Omi ọsàn ní Dover

Oúnjẹ kò yàtọ̀ o, ṣùgbọ́n ìkíni káàbọ̀ yàtọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1957, oṣù méje péré lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira, Komla Agbeli Gbedemah, mínísítà ètò ìnáwó Ghana, ń rìnrìn àjò ní ìpínlẹ̀ Delaware pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Wọ́n yà sí Howard Johnson's kan ní Dover láti mu omi ọsàn. Wọ́n sanwó. Ni wọ́n bá sọ fún wọn pé aláwọ̀ dúdú kì í jókòó níbẹ̀, kí wọ́n gbé e jáde. Gbedemah sọ ipò tó wà fún wọn, kò tu irun kankan lára wọn. Ó fi omi ọsàn náà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Richard Nixon, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, ti jẹun nílé Gbedemah ní Ghana lọ́dún yẹn kan náà. Ìròyìn náà tàn káyé, ìtìjú sì bá ìjọba Amẹ́ríkà. Ààrẹ Eisenhower fúnra rẹ̀ ló ní kó wá bá òun jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní White House.

Ṣé gbogbo èèyàn ni ààrẹ máa pè wá jẹun? Ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú máa ń di oúnjẹ láti ilé, torí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti máa gbà wọ́n. Ní ọdún 1962 àti 1963, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ajìjàgbara lọ dúró síwájú Howard Johnson's ní Durham, North Carolina, ọlọ́pàá sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òfin ọdún 1964 ló tó fòpin sí i pé kí ilé oúnjẹ máa lé èèyàn nítorí àwọ̀ ara.

Johnson tó ń ṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń bu áísìkíríìmù ní apá agbára láti ṣòfin pé kí wọ́n gba gbogbo oníbàárà bákan náà. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí nìyí.

Ìgbà ò lọ bí òréré

Ní ọdún 1959, ó fa ilé iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀, Howard Brennan Johnson, lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1972, ó kú ní ẹni ọdún 75. Nígbà yẹn, ilé oúnjẹ rẹ̀ ti ń súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Kò pẹ́ púpọ̀ tí nǹkan fi yí padà. Epo wọ́n lọ́dún 1973, ìrìn àjò dínkù, àwọn ilé oúnjẹ tó ń tajà kíákíá lówó pọ́ọ́kú sì ń gba oníbàárà. Ọmọ rẹ̀ ta ilé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́dún 1979. Lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe ni wọ́n ń tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù gbẹ̀yìn, ní Lake George ní ìpínlẹ̀ New York, tì lọ́dún 2022. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ṣì ń jẹ́ orúkọ náà.

Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Ọ̀kan ń rántí bí òrùlé aláwọ̀ ọsàn ṣe yọ tí inú gbogbo wọn dùn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rántí òrùlé yẹn kan náà, ó ń rántí abọ́ oúnjẹ tí ìyá dì láti ilé, àti bí bàbá ṣe wà á kọjá láìyà.