Olóyè J. F. Ọ̀dúnjọ, Bàbá Aláwìíyé

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, a ní kí ẹnì kan ka ewì tí a kọ́ ní kékeré nípa iṣẹ́ ṣíṣe. Kó tó dé ìlà kejì, gbogbo ilé ti gbè é. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn pàápàá kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ẹni tó kọ ọ́, ìyá kan ní inú ìwé Òwe nínú Bíbélì ló ti wá, òmíràn ní àwọn baba ńlá wa ló ni ín. Ẹni mẹ́ta péré ló dárúkọ Ọ̀dúnjọ. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn bàbá náà wá sínú ìwé wa yìí.

Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Joseph Fọláhàn Ọ̀dúnjọ ní ọdún 1904. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni, kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ tiwa náà jẹ nínú ọbẹ̀ tó sè. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1924 ló ti ń kọ́ ọmọ, ó sì ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀. Ó tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946 sí 1947.

Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kéékèèké rí ni yóò mọ bí iṣẹ́ bàbá yìí ti tó. Àwọn ìjọ, pàápàá CMS, ti ń tẹ ìwé kíkà Yorùbá ṣáájú rẹ̀. Ọ̀dúnjọ wá kọ Aláwìíyé láti Ìwé Kìíní títí dé Ìwé Kẹfà, ilé-iṣẹ́ Longmans sì tẹ̀ wọ́n. Orúkọ ìwé náà ti sọ ohun tó wà fún: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kó yéni. Ọ̀rọ̀ kúkurú ló fi ń mú ọmọ wọlé, pẹ̀lú àwòrán. Kí ọmọ tó mọ̀, ó ti ń ka àlọ́, òwe àti ewì, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí kò mọ̀ pé ìwà ni wọ́n ń kọ́ òun. Ewì rẹ̀ kò ṣòro láti há sórí rárá. A lo pàṣán nígbà tí a wà ní kíláàsì, kí Ọlọ́run dárí jì wá, ṣùgbọ́n a kò lò ó rí nítorí ewì Aláwìíyé.

Bàbá náà ṣe òṣèlú. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1951, ó sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ní 1952, nínú ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe aṣáájú rẹ̀. Ìjọba Ẹkùn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Muṣin wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, nítorí náà àwọn ọmọ Muṣin jẹ àǹfààní yìí ṣáájú àwọn ọmọ Yábà àti Súrùlérè, tí wọ́n wà lábẹ́ Èkó ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1957 ni tiwọn tó dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn ọmọ náà.

Ó kọ eré Agbàlọ́wọ́mérì ní 1958, nípa baálẹ̀ kan tó ń rẹ́ aráàlú jẹ, àti Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn ní 1961. Ní 1964, Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn ló wà nínú méjèèjì. Ìyá tó bá ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kó wá wọn kà.

Ọ̀dúnjọ kú ní ọdún 1980. Wọ́n ti tún Aláwìíyé tẹ̀ ní àkọtọ́ òde òní, nítorí náà kì í ṣe ìwé ló wọ́n wa. Ẹni tí yóò kà á ló wọ́n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Àwa tí a fi Aláwìíyé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a rà fún ọmọ-ọmọ tiwa. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn gbé Ìwé Kìíní dání, tó ń wò ó bí ẹni wo èdè Lárúbáwá, ojú tì wá.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn ìpàdé láti kà á. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dárúkọ Ọ̀dúnjọ kó tó ka ewì rẹ̀. Ìwé Kìíní mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ wa, méjì péré ló ṣì ní èèpo ẹ̀yìn. Ìyá tó bá ní tirẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí, kó jọ̀wọ́ mú un bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.