Jan Steen, Ẹni Tí Ó Ya Ìdílé Bí Ó Ti Rí

Títí di òní, ilé tí nǹkan kò bá wà létòlétò nínú rẹ̀, ilé Jan Steen ni àwọn ará Netherlands ń pè é. Ta ni Jan Steen? Ìlú Leiden ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1626, sínú ìdílé Kátólíìkì tí ń pọn ọtí tà. Ní ọdún 1649 ó gbé Margriet, ọmọ ayàwòrán Jan van Goyen, níyàwó. Ó gba ilé ìpọntí kan ní Delft ní ọdún 1654, ṣùgbọ́n òwò náà kò yọrí.

Iṣẹ́ àwòrán ni ó yẹ ẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ ya ọba tàbí ọ̀gágun. Ìdílé lásán ni ó ń yà. Nínú Àjọ̀dún Nicholas Mímọ́, tí ó wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam, ọmọdébìnrin kan gbá ọmọláńgidi Jòhánù Onítẹ̀bọmi mọ́ra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ń sunkún, nítorí pàṣán ni wọ́n fi sínú bàtà rẹ̀ dípò ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn dáadáa: ìyá àgbà ń ju ọwọ́ sí ọmọ náà pé kí ó máa bọ̀.

Steen a máa ya ara rẹ̀ sáàárín àwọn tí ń mutí, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Èyí ni Arnold Houbraken, tí ó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán jáde láàárín ọdún 1718 sí 1721, fi sọ ọ́ di ọ̀mùtí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán rẹ̀ lé ní 300. Iṣẹ́ ọ̀mùtí kọ́ nìyẹn.

Margriet kú ní ọdún 1669. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, olóògùn kan gba àwòrán Steen tà nítorí gbèsè oògùn. Ó padà sí Leiden, ó ṣí ilé ọtí ní ọdún 1672, ó sì kú ní ọdún 1679. Ilé ìsìn Pieterskerk ni wọ́n sin ín sí.