James Naismith, olùkọ́ tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ sókè

Ọdún 1861 ni a bí James Naismith, nítòsí ìlú Almonte ní ilẹ̀ Kánádà. Ní ọdún 1870, ibà líle pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń gé igi nínú igbó, kí ó tó padà sídìí ìwé nígbà tí ó ti di géńdé.

Eré kan wà tí àwọn ọmọ abúlé rẹ̀ fẹ́ràn. Wọn a gbé òkúta kékeré lé orí àpáta, ọmọ kan a máa ṣọ́ ọ, àwọn yòókù a máa sọ òkúta lù ú kí ó lè jábọ́. Ẹni tí ó bá tàsé ní láti sáré lọ he òkúta rẹ̀ kí olùṣọ́ tó fọwọ́ kàn án. Òkúta tí a fi agbára sọ a máa lọ jìnnà, olùṣọ́ a sì mú ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá rọra jù ú sókè kí ó balẹ̀ nítòsí, òun ni ó ń yè é.

Ní ọdún 1891, Naismith ti di olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA ní Springfield, ní Amẹ́ríkà. Òtútù dé, kò sí eré ìta mọ́. Ọkùnrin 18 wà ní kíláàsì kan tí ìdárayá inú ilé ti sú. Olùkọ́ méjì ti gbìyànjú, apá wọn kò ká a. Luther Gulick, ọ̀gá rẹ̀, fún un ní ọjọ́ 14 kí ó wá eré titun. Ó gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú ilé, fèrèsé fọ́. Ó gbé èyí tí wọ́n fi ń wọ́ ara wọn lulẹ̀ wọlé, àwọn ènìyàn fara pa. Ọjọ́ ń lọ.

Nígbà náà ni ó rò ó jinlẹ̀. Nítorí pé ẹnì kan gbé bọ́ọ̀lù sáré ni wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lulẹ̀. Kí ẹni náà dúró, kí ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn. Ó rántí òkúta orí àpáta pẹ̀lú: bí ibi tí a ń ju bọ́ọ̀lù sí bá wà lókè, agbára nìkan kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ń tọ́jú ilé náà fún un ní apẹ̀rẹ̀ èso méjì. Ó kàn wọ́n mọ́ òkè, ní bíi mítà 3. Ní oṣù kejìlá, wọ́n gbá a, mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀lù kan péré ni ó wọlé. Ẹnì kan sì ní láti gòkè lọ mú un, nítorí apẹ̀rẹ̀ náà ní ìdí.

Òfin 13 ni ó kọ. Lójú tèmi, èyí tí ó wúlò jù fún ẹni tí ń kọ́ ọmọdé ni pé ọwọ́ nìkan ni a fi ń di bọ́ọ̀lù mú, kì í ṣe apá tàbí ara. Ẹ wo ọmọ kékeré tí a ju bọ́ọ̀lù sí: á dijú, á gbá a mọ́ àyà. Òfin yìí ní kí ó lajú, kí ó na ọwọ́, kí ó fi ìka gbà á.

Láìpẹ́, àwọn olùkọ́bìnrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí gbọ́ ariwo eré náà, wọ́n wọlé wá wò ó, wọ́n sì ní àwọn náà fẹ́ gbá a. Naismith gbà. Maude Sherman wà lára àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ gbá a. Ní ọdún 1894, ó di aya rẹ̀.

Fífi ọwọ́ lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí a ti ń lọ, tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù nínú básíkẹ́ẹ̀tì, kò sí nínú òfin rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ó dá a. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, tí kò rí ẹni tí yóò jù ú sí, á jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, á tún mú un. Naismith rí i, inú rẹ̀ dùn sí i.

Láti ọdún 1898, ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Kansas títí di ọdún 1937. Ní ọdún 1936, àwọn olùkọ́ eré náà dáwó jọ kí ó lè lọ sí Berlin, níbi tí básíkẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíḿpíìkì. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí ó ń gbé, ni ó borí Kánádà, ilẹ̀ ìbí rẹ̀, 19 sí 8. Ìta gbangba ni wọ́n ti gbá a. Òjò rọ̀, pápá di ẹrẹ̀, bọ́ọ̀lù kò ta mọ́. Jíjù láti ọwọ́ dé ọwọ́ nìkan ni ó kù fún wọn, bíi ti ọdún 1891. Naismith fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹ̀bùn lé àwọn tí ó borí lọ́wọ́. Ó kú ní Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1939.