Sahibdin, Ìmàle tó fi ọ̀dà ròyìn Rama

Tí ẹ bá gbọ́ pé Ìmàle kan ló ya àwòrán òrìṣà àwọn Híńdù tí ayé ṣì ń wò títí dòní, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Sahibdin lorúkọ rẹ̀. Ìlú Udaipur, ní ilẹ̀ Mewar ní Íńdíà, ló ti ṣiṣẹ́ fún ọba.

Ogun ti wà láàárín Mewar àti àwọn ọba Moghol, tí wọ́n jẹ́ Ìmàle, fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó parí ìjà ní 1615. Síbẹ̀, nígbà tí Jagat Singh gorí oyè ní 1628, Sahibdin wà lára àwọn ayàwòrán rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àwọn àwòrán kan tó fi ṣàpèjúwe ohùn orin. Ní 1648, ó ya ìtàn Krishna.

Lẹ́yìn náà ni ọba ní kí wọ́n ṣe ìwé Ramayana, ìtàn Rama tó jagun gba Sita ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ Ravana olórí mẹ́wàá. Àwòrán inú rẹ̀ ju 400 lọ. Hirananda, ẹlẹ́sìn Jain, ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Apá tó sọ nípa ogun ni wọ́n kọ orúkọ Sahibdin sí, ní 1652, ọdún tí Jagat Singh kú.

Àwọ̀ aró ni Rama máa ń ní nínú àwòrán, ẹni tí kò mọ̀wé kà náà á sì lè dá a mọ̀. Ẹ lè rí i lẹ́ẹ̀mẹta lójú ìwé kan ṣoṣo: níhìn-ín ó ń gbìmọ̀, lọ́hùn-ún ó ń jà, lápá kejì ó ń ṣọ̀fọ̀. Rama kan náà ni o. Bí ìtàn ṣe ń lọ ni ojú yín á ṣe máa tẹ̀lé e.

Láyé òyìnbó, púpọ̀ nínú ìwé náà dé Lọ́ńdọ̀n, àwọn kan kù sí Íńdíà. Ní 2014, wọ́n kó wọn jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọba Híńdù ló ni iṣẹ́, ẹlẹ́sìn Jain ló kọ ọ́, Ìmàle wà lára àwọn tó yà á. Wọn ò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀sìn ò ní kí ẹni tó mọṣẹ́ má ṣiṣẹ́.